Ìpè Tí Kò Dé Èkó

Bí rédíò bá yadi mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún láyé ìgbà tí a ń sọ yìí, kò sí ẹni tí yóò bi tí kò ní júwe ṣọ́ọ̀bù Jùmọ̀kẹ́ fún un. Àlejò tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a wo obìnrin tó jókòó ti tábìlì, a ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá tó ń tún rédíò ṣe ńkọ́?" Jùmọ̀kẹ́ kì í jiyàn. A gba rédíò náà, a tú ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àlejò bá ti rí bí ìka rẹ̀ ṣe ń rìn láàrin wáyà, a wá ibi jókòó sí fúnra rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Hezekiah Fádípẹ̀, bàbá rẹ̀, ni ó ti kọ́ ọ. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni Hezekiah bí, kò sí èyí tó fẹ́ jókòó ti òórùn òjé yíyọ́. Jùmọ̀kẹ́ nìkan ló máa ń ti ilé ìwé bọ̀ tí yóò gba ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ yọjú wo inú rédíò bí ẹni ń wo inú ìkòkò. Nígbà tí bàbá kú, ó jogún tábìlì, ó jogún irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé, ó sì jogún ọ̀rọ̀ kan tí bàbá máa ń sọ pé kò sí ẹ̀rọ tó ya odi, àfi èyí tí a kò tíì gbọ́ èdè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1997 tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà ti ń kú lọ. Àwọn rédíò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti kún ọjà. Bí wọ́n bá bàjẹ́, ààtàn ni wọ́n ń lọ. Ọkọ Jùmọ̀kẹ́ ti di olóògbé. Ìbùkúnolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Ọjọ́ mìíràn wà tí obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì yìí yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tí yóò ti í ní ìrọ̀lẹ́, tí kò ní rí ju ẹni tó wá béèrè bátìrì lọ.

Oṣù kẹjọ ọdún náà ni ọkùnrin kan gbé páálí wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí kò sùn dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Dámisọ́lá Oyèbísí lorúkọ mi. Ọmọ Ìgbájọ ni mí, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Ìlá níbí ni wọ́n ti bí ìyá mi. Àwọn ló ní kí n wá yín wá. Wọ́n ní bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Hezekiah lóòótọ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó tú páálí. Nǹkan mẹ́ta ló kó sórí tábìlì. Èkíní jẹ́ àpótí funfun kan tí kò ju Bíbélì ńlá lọ. Ó ní ìlú òyìnbó ni òun ti rà á, wọ́n ń so ó mọ́ iná ilé, ó lè tan gílóòbù, ó lè pa á, ó lè fa omi kànga sínú táǹkì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan súìṣì. Èkejì dúdú, ó kéré, ó ní eríà kúkúrú lórí. Ó ní módẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń pè é, pé fóònù tí kò ní wáyà ni, àmọ́ kì í ṣe ènìyàn ló ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ni. Ẹ̀kẹta jẹ́ bọ́tìnnì pupa kan lórí okùn, irú èyí tí ènìyàn lè fi kọ́ ọrùn.

"Bí Mọ́mì bá tẹ bọ́tìnnì yìí," Dámisọ́lá sọ, "kí àpótí gbọ́, kí àpótí sọ fún módẹ́ẹ̀mù, kí módẹ́ẹ̀mù pe fóònù àgbéká mi ní Èkó. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ẹni méjì ni mo ti gbé e fún ní Èkó. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n yàtọ̀ síra, pé ẹnu wọn kò lè bára mu."

Jùmọ̀kẹ́ yí módẹ́ẹ̀mù náà padà sí ìsàlẹ̀, ó yí i sókè. "Kí ló ṣe Màmá?"

Dámisọ́lá jókòó. Ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu ìyá òun lọ́dún tó kọjá, ó mú apá àti ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ṣubú nílé ìdáná láàárọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n wà títí ìrọ̀lẹ́ kí aládùúgbò tó gbọ́. Ilé tuntun tí òun kọ́ fún wọn wà lẹ́yìn ìlú Ìgbájọ, wáyà fóònù kò sì tíì dé ibẹ̀.

"Ẹ ò lè wá ẹni tí yóò máa bá wọn gbé?"

"Ẹni méjì ni mo ti wá, Mọ́mì lé àwọn méjèèjì. Wọ́n ní kì í ṣe àlejò làwọn bí." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. "Èmi ni mo fẹ́ máa gbọ́, mà. Bí wọ́n bá pè, kó jẹ́ èmi ni mo gbọ́."

Ó yẹ kí Jùmọ̀kẹ́ ti bi í léèrè nígbà náà pé ṣé ìpè fóònù àgbéká ń dé Ìgbájọ. Kò bi í. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò tíì sí ẹni tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń yún un. Ó ní kí ó fi sílẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ihò mẹ́sàn-án ló wà lẹ́nu àpótí, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà lẹ́nu módẹ́ẹ̀mù. Kò sí okùn tí wọ́n ń tà tó lè so wọ́n pọ̀, ó ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, wáyà kan lẹ́yìn òmíràn. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó bá ẹ̀rọ wá ti ju ìwé tó kà nílé ẹ̀kọ́ lọ. Ó jókòó tì í pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀, ó ń fi pẹ́ńsùlù kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà, ó wá yé e pé wáyà kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀, wáyà kejì ni àwọn méjèèjì sì fi ń retí ìdáhùn, bí aláriwo méjì tí kò sí èyí tó fẹ́ gbọ́ tẹnìkejì. Ó fa wáyà méjèèjì kọjá ara wọn, kí ẹnu ọ̀kan lè kan etí èkejì. Síbẹ̀, pàbó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ló rí i pé àpótí ń sáré sọ̀rọ̀ ju bí módẹ́ẹ̀mù ti lè gbọ́ lọ, ó sì dẹ ìyára rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kọkànlá, bí òjò ti ń rọ̀ lórí páànù, ó tẹ bọ́tìnnì. Àpótí dún pí-ìn. Iná kékeré tó wà lára módẹ́ẹ̀mù ṣẹ́jú, ó dáhùn. Jùmọ̀kẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Òun nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó dìde, ó fi ìró nu ojú. Ó sọ sókè pé, "Bàbá mi, mo gbọ́ èdè wọn o."

Iná mìíràn wà lára módẹ́ẹ̀mù náà tó yẹ kó ní àwọ̀ ewé bí ó bá ti rí ìpè fóònù gbà lójú ọ̀run. Pupa ni ó wà. Jùmọ̀kẹ́ rò pé nítorí pé inú ilé ni wọ́n wà ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó wọ takisí lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú, ó gun ọ̀kadà láti ibẹ̀ dé Ìgbájọ. Ilé ìyá Dámisọ́lá tóbi, ó mọ́, ó sì dá wà, òkè yí i ká bí ẹni tó dúró sínú abọ́. Màmá wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n tẹjú mọ́ Jùmọ̀kẹ́ bó ti kúnlẹ̀.

"Ìwọ ni Jùmọ̀kẹ́ ọmọ Hezekiah?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ilé."

"Imú bàbá rẹ ló wà lójú rẹ. Òun ló tún rédíò bàbá mi ṣe kí n tó relé ọkọ. Jókòó, jọ̀ọ́, kí n gbọ́ ohùn Ìlá sétí."

Wọn kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí wákàtí méjì. Wọ́n béèrè ẹni tó kú àti ẹni tó kù. Wọ́n béèrè igi tó wà lẹ́yìnkùlé bàbá wọn. Ẹnu wọn ti wọ́ sí apá kan, ọ̀rọ̀ wọn a máa rọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ wọn kò sinmi. Nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ wá so àpótí mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán, tó sì fi bátìrì mọ́tò tì í lẹ́yìn nítorí ọjọ́ tí iná bá lọ, gbogbo nǹkan ṣiṣẹ́. Gílóòbù tàn, omi gun táǹkì. Àfi iná módẹ́ẹ̀mù náà. Pupa ni.

Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, pupa. Ó gbé e jáde sí àgbàlá, pupa. Ó so eríà mọ́ orí òpó ọparun gígùn, ó nà án sókè ju òrùlé lọ, pupa ni. Ó sùn sí Ìgbájọ. Ní ọjọ́ kejì ó ní kí ọlọ́kadà kan bá òun gbé bátìrì àti módẹ́ẹ̀mù dé ẹsẹ̀ òkè, òun fúnra rẹ̀ sì rù wọ́n gun orí àpáta, ó ń sinmi, ó ń gùn. Lórí níbẹ̀, tí ó ti lè wo ìlú Ìrèsì lọ́ọ̀ọ́kán, ó yí eríà sí apá Ìbàdàn, níbi tí òpó fóònù tó sún mọ́ wọn jù wà. Iná náà di àwọ̀ ewé.

Kò pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi ń bó ọsàn kan lọ. Atẹ́gùn fẹ́, ó padà di pupa. Ó yí eríà títí oòrùn fi kan àtàrí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tún ṣẹ́jú. Jùmọ̀kẹ́ bojú wo ìsàlẹ̀, ó rí òrùlé ilé náà nínú kòtò àárín àwọn òkè. Kò sí wáyà tó lè gùn débẹ̀ tí ìwọ̀nba ohùn yẹn kò ní ti kú sọ́nà. Ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tó fara sin nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò lẹ́bi, òun náà kò lẹ́bi. Ibi tí wọ́n kọ́ ilé sí ni.

Ó wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láti lọ pe Dámisọ́lá lórí fóònù.

"Sà, àwọn méjèèjì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n ìpè kò dé Ìgbájọ. Mo ti gun orí òkè. Ó ṣẹ́jú níbẹ̀, ó tún kú."

Ohùn Dámisọ́lá ń lọ, ó ń bọ̀. "Wọ́n ní wọ́n fẹ́ gbé òpó ńlá kan ró sí Òṣogbo, kó tó di Kérésì. Bí wọ́n bá ti gbé e ró, iná yẹn á yí padà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi sílẹ̀ lára ògiri bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ fún Mọ́mì pé kò tíì ṣiṣẹ́."

"Sà?"

"Kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Kérésì kò jìnnà mọ́."

"Bí nǹkan bá ṣe wọ́n kó tó di Kérésì ńkọ́?"

Ó gbọ́ bí ó ti mí sínú fóònù. "Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣubú, mà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀." Ìlà náà já.

Jùmọ̀kẹ́ padà sí Ìgbájọ. Ó fi okùn bọ́tìnnì kọ́ ọrùn Màmá. Wọ́n mú un lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n wò ó.

"Bí mo bá tẹ èyí, Dámisọ́lá á gbọ́?"

Jùmọ̀kẹ́ tún okùn náà ṣe lọ́rùn wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àpótí dún, gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàn. Màmá fi ìlàjì ẹnu tó kù rẹ́rìn-ín, wọ́n sún mọ́ ògiri, wọ́n gbóhùn sókè bí ẹni ń pe ẹni tó wà lódìkejì odò. "Dámisọ́lá, èmi ni o! Jùmọ̀kẹ́ ọmọ Hezekiah ló wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti jẹun."

Jùmọ̀kẹ́ kò lè dúró wò ó. Ó jáde lọ sí ilé kejì, lọ́dọ̀ Àyànlọ́lá, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń ṣòwò obì. Òun ló gbọ́ igbe Màmá ní oṣù karùn-ún. Ó bá a níbi tó ti ń ṣa obì sínú agbọ̀n lójúde, ó sì sọ òtítọ́ gbogbo fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ fa wáyà láti ibẹ̀ wá síbí. Aago kékeré kan ni. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, kó dún lọ́dọ̀ yín."

Àyànlọ́lá nu ọwọ́. "Ọmọ wọn mọ̀ sí i?"

"Kò mọ̀ sí i."

"Màmá fúnra wọn ńkọ́?"

Jùmọ̀kẹ́ mi orí. Àyànlọ́lá wo ilé ńlá náà, ó ní, "Fà á wá. Aládùúgbò ni wọ́n."

Aago náà kò já Jùmọ̀kẹ́ kulẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí iná bá lọ. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé Màmá fẹ́ràn bọ́tìnnì náà. Bí wọ́n bá jí, wọ́n a tẹ̀ ẹ́ kí ọmọ wọn. Bí wọ́n bá jẹun, wọ́n a tẹ̀ ẹ́ sọ ohun tí wọ́n jẹ. Bí wọ́n bá rántí ohun tí bàbá Dámisọ́lá ṣe ní ọdún tí kòkó wọ́n, wọ́n a tẹ̀ ẹ́, wọ́n a rò ó fún ògiri. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, Àyànlọ́lá a ju agbọ̀n sílẹ̀, a sáré dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, a bá Màmá nídìí ìtàn.

"Àyànlọ́lá, kí lo sáré wá ṣe?"

"Mo ní kí n wá kí yín ni, Màmá."

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lóòjọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Kérésì dé, ó kọjá, òpó kankan kò dúró sí Òṣogbo. Dámisọ́lá wálé fún ọjọ́ méjì, ó wo iná pupa náà, ó gbójú kúrò lára rẹ̀. Màmá sì ń fi í hàn fún àwọn alábàákẹ́gbẹ́ wọn ní ìjọ pé, "Ẹ̀ ń wo ọmọ mi? Ojoojúmọ́ ni mo ń bá a sọ̀rọ̀." Jùmọ̀kẹ́, tó máa ń yà wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, rí i pé wọ́n ti sanra díẹ̀. Ojú wọn ti là. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lè sọ òtítọ́ fún wọn.

Ní ìparí oṣù kejì ọdún 1998, awakọ̀ takisí kan tó ń jẹ́ Oyèlẹ́yẹ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ìyá Ìbùkún, Àyànlọ́lá ará Ìgbájọ ní kí n sọ fún yín pé òun ti yọ wáyà aago náà. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti wú nítorí eré sísá, obì ń bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní kí ẹ má bínú, kí ẹ wá bá Màmá sọ òtítọ́, kí wọ́n lè máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá tọ́."

Jùmọ̀kẹ́ kò bínú. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, ó sì ti pẹ́ kó tó dé. Ó fẹ́ lọ ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n epo bẹntiróòlù wọ́n gógó lásìkò náà, mọ́tò tò sílé epo bí ẹja nínú ìgẹ̀rẹ̀, takisí tó ń lọ sí Ọ̀tan kò ju ẹyọ kan lọ lóòjọ́, bóyá ló tún máa lọ. Ó dúró níbùdókọ̀ ní ọjọ́ Tuesday, kò rí ọkọ̀. Ó dúró ní Wednesday. Bí a bá fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an, inú rẹ̀ dùn díẹ̀ ní Tuesday yẹn tó padà sílé, nítorí kò tíì mọ bí òun yóò ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ọjọ́ Thursday ló tó rí ọkọ̀.

Ó dé Ìgbájọ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ilẹ̀kùn Àyànlọ́lá wà ní títì, ó ti lọ sóko. Jùmọ̀kẹ́ kan ilẹ̀kùn Màmá, kò gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ nǹkan mìíràn. Pí-ìn. Ó dákẹ́. Pí-ìn. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Màmá wà nílẹ̀ láàrin ilé ìdáná àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti yí sábẹ́ ara bí ẹsẹ̀ kò ṣe yẹ kó yí. Ètè wọn ti gbẹ. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà láyà, àtàǹpàkò wọn ń tẹ bọ́tìnnì, ó ń tẹ̀ ẹ́, gílóòbù ń tàn, ó ń kú. Ojú wọn balẹ̀.

"Jùmọ̀kẹ́," wọ́n wí. "Dámisọ́lá ló rán ọ ṣáájú?"

"Màmá, láti ìgbà wo?"

"Kí n tó mu ògì ni. Má sunkún. Mo ti pè é. Ó ti ń bọ̀ lọ́nà."

Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé orí wọn sórí itan rẹ̀, ó fi omi kan ètè wọn. Ó sáré jáde, ó pe ènìyàn. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin fi ilẹ̀kùn gbé Màmá, ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tó ní epo.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní egungun ìdí ti ṣẹ́. Dókítà ní bí wọ́n bá ti gbé wọn dé láàárọ̀, ì bá sàn ju báyìí lọ, pé omi ti gbẹ nínú ara wọn, pé ọkàn wọn kò lágbára. Àyànlọ́lá dé láti oko, ó gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó di orí mú. "Wáyà tí mo yọ," ó ń wí. "Wáyà tí mo yọ." Jùmọ̀kẹ́ fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe òun, ta ni?

Ọjọ́ kẹta ni Dámisọ́lá tó dé, lẹ́yìn tí ìròyìn ti gba ẹnu awakọ̀ mẹ́ta kọjá. Ó wọ yàrá, ó dọ̀bálẹ̀. Màmá gbé ojú sókè.

"Ó mà pẹ́ o, Dámisọ́lá. Mo pè ọ́ títí."

Dámisọ́lá wo Jùmọ̀kẹ́ tó dúró lẹ́bàá ògiri. Ó tún wo ìyá rẹ̀. "Ọ̀nà ni kò dáa, Mọ́mì. Kò sí epo."

"Mo mọ̀. Mo ń sọ fún wọn."

Níta, lábẹ́ igi, Dámisọ́lá, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ aago lẹ́nu Àyànlọ́lá, dojú kọ Jùmọ̀kẹ́. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Iṣẹ́ tí mo gbé fún yín, ẹ kò lè ṣe é. Èyí tí n kò gbé fún yín lẹ ṣe. Bí aago yẹn kò bá sí, Àyànlọ́lá ì bá máa yọjú sí wọn fúnra rẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Aago lẹ jẹ́ kó gbójú lé."

Jùmọ̀kẹ́ lè dá a lóhùn. Ó lè ní, ta ló ní kí n parọ́? Kò sọ ọ́, nítorí ó ti ro ọ̀rọ̀ aago náà fúnra rẹ̀ ní òru méjì tí kò sùn, ó sì ti mọ̀ pé apá kan òtítọ́ wà níbẹ̀. "Ẹ má bínú, sà," ó wí. Dámisọ́lá bo ojú rẹ̀, ó sì sunkún. Jùmọ̀kẹ́ dúró tì í. Kò mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Kí Dámisọ́lá tó gbé Màmá lọ sí Èkó, Màmá ní kí Jùmọ̀kẹ́ sún mọ́ àwọn. Àwọn méjì péré ló wà ní yàrá. Ohùn wọn ti dín kù gan-an.

"Jùmọ̀kẹ́, ṣé Dámisọ́lá máa ń gbọ́ mi?"

Ọ̀nà ti là sílẹ̀ fún un níbẹ̀. Ìyá ló ṣí i, wọ́n ń retí. Jùmọ̀kẹ́ wo ojú tó ti jìn wọlé, ó wo bọ́tìnnì tí wọn kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bọ́ lọ́rùn àwọn.

"Ó máa ń gbọ́ yín, Màmá."

Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Bàbá rẹ kì í parọ́ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà," wọ́n wí, wọ́n sì yí ojú sí ògiri.

Oṣù keje ni Oyèlẹ́yẹ tún dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó bọ́ fìlà. Ìyá Dámisọ́lá ti jáde láyé ní Èkó, wọ́n sì ti sin wọ́n síbẹ̀. Wọn kò gbé wọn wá sí Ìgbájọ, áḿbọ̀sì Ìlá. Jùmọ̀kẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá sọ fún òun. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ara rẹ̀, ó jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìbùkúnolúwa wálé láti Ìbàdàn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Ó sunkún, ó di ìyá rẹ̀ mú lọ́wọ́.

"Mọ́mì, oṣooṣù ni màá máa wá wò yín. Mo ṣèlérí."

"Má ṣèlérí fún mi, Ìbùkún."

"Màá wá, Mọ́mì."

"Bí o bá lè wá, kí o wá. Bí o kò bá lè wá, jẹ́ kí n mọ̀ pé o kò lè wá. Mi ò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìbùkún wọkọ̀ padà ní Monday. Ní oṣù kẹjọ, Jùmọ̀kẹ́ se ọbẹ̀ sílẹ̀ ní Saturday tó kẹ́yìn oṣù, ó gbé àga síwájú ilé, ó ń wo ọ̀nà. Ìbùkún kò wá. Kò sì ránṣẹ́.